Ìgbálẹ̀ Tó Dí Ilẹ̀ Lẹ́nu

Agbọ́mi wúkọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ohùn Bàbá Ògídíolú ni wọ́n gbà sínú gbogbo agbọ́mi, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ omi òjò, tó wà ládùúgbò Òkè-Ìtura. Bàbá náà ti di ará ọ̀run tipẹ́, ṣùgbọ́n ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ kò bá a lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, omi yín ti jáde síta," ni agbọ́mi wí láti inú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un lára òpó géètì. "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ó dùn mí o."

Ó dun Fadérera náà. Ó dúró sẹ́nu géètì, omi mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń wo àgbàrá pupa tó ń yọ́ gba abẹ́ géètì jáde, tó ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Òjò ọ̀hún kò sì le. Òjò tí àwọn ilé yòókù mu tán, tí wọ́n tún ń wojú ọ̀run bóyá ó kù ni. Iná kékeré orí agbọ́mi kúrò ní àwọ̀ ọsàn, ó di àwọ̀ epo. Bó bá tún yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i, pupa fòò ni, ilé sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Láti inú yàrá ni Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ti béèrè pé kí ni Bàbá Oníkọ́ ń wí.

"Ó ń kí yín ni, Màmá."

"Ìkíni ló ń fi ohùn àánú kí báyẹn?"

Fadérera mú àkísà, ó ń fi í há abẹ́ géètì. Ẹ wo odidi obìnrin o, tó ń fi àkísà dá àgbàrá dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bà, kò sí ohun tí kò ní fọwọ́ bà.

Àlejò lè máa rò ó pé kí ló wà nínú omi díẹ̀ tó jáde sí títì. Kí onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀, kó lọ bi wọ́n níbẹ̀. Láyé àtijọ́, gbogbo ilé orí òkè ló ń ti òjò tirẹ̀ jáde, kálukú fi símẹ́ǹtì tẹ́ àgbàlá, kálukú la gọ́tà, wọ́n ní àwọn ń ṣe ọ̀lájú. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwọn onílé Ìsàlẹ̀ ò gbà fún un lóòótọ́, àgbàrá sì wó o mọ́ wọn lórí, tọmọtọmọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òfin dé: òjò tó bá bọ́ sórí òrùlé rẹ, ìwọ lo ni ín. Gbà á sínú àmù abẹ́lẹ̀, fi wẹ̀, fi fọṣọ, kí ilẹ̀ àgbàlá rẹ sì mu ìyókù. Ilé tó bá da tirẹ̀ síta lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìgbà òjò kan, wọn á gba ilẹ̀ náà, wọn á kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Ilé Alájà, níbi tí ènìyàn ń gbé lórí ara wọn, tí ẹnì kan ò ní ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ tí yóò pè ní tirẹ̀.

Màmá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Ilé Alájà kò lè rí òun gbà láàyè. Ó ní ibi tí wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ òun sí lọ́jọ́ tí òun wọlé ìyàwó, ibẹ̀ lòun máa kú sí. Ó ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ ni o, ṣùgbọ́n Fadérera mọ ẹ̀rín àgbà tí kì í ṣe ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ti ibì kankan yéni. Àmù abẹ́lẹ̀ wọn kò jò. Nígbàkígbà tí agbọ́mi bá kéde pé òjò ń bọ̀, Fadérera kì í jẹ́ kí omi kankan kù nínú rẹ̀. Bí gbogbo ìlú ṣe ń ṣe náà ló ń ṣe: a máa ń fọṣọ kí òjò tó dé ni, a máa ń wẹ ọmọ láwẹ̀túnwẹ̀, a máa ń bomi rin ẹ̀fọ́ tí òùngbẹ ò gbẹ, kí àyè lè wà fún omi tuntun. Kòtò amumi wọn, tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ kún, bàbá ọkọ Fadérera fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ kó tó kú, ó sì jìn. Oyèlàmí ọkọ rẹ̀, tó wà lókè Ọya níbi tí wọ́n ti ń kórè oòrùn, ti bá a wò ó títí nínú ẹ̀rọ ìpè, ó ní òun ò rí àṣìṣe kankan. Níbo wá ni omi ń gbà?

Lọ́jọ́ kejì ni Bámigbóyè dé. Aṣọ́mi ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ sì ni, ọmọlúàbí ọmọkùnrin kan báyìí tí ojú máa ń tì láti bá àgbà wí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó pe Fadérera ní ẹ̀gbọ́n, ó wá tú ìgbín irin rẹ̀ jáde láti inú àpò. Ìgbín náà ń fà lọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ibì kan, á dúró, á tẹ òrùka kékeré kan mọ́lẹ̀, á da omi sínú rẹ̀, á sì máa wò ó bóyá ilẹ̀ á mu ún.

Ilẹ̀ kò mu ún. Níwájú ilé, omi jókòó sínú òrùka, ó ń wo ojú ọ̀run. Lábẹ́ igi ìṣin, ó jókòó. Lẹ́bàá kòtò amumi gan-an, ó jókòó bí àlejò tí ò fẹ́ lọ.

"Ilẹ̀ yín mà mọ́ o, ẹ̀gbọ́n," ni Bámigbóyè wí, ó ń wo ipa ìgbálẹ̀ tó lọ tààrà lórí ilẹ̀ pupa náà, tó ń dán bí ìsàlẹ̀ àwo. Kò sí ewé kan níbẹ̀. Kò sí eérún igi.

Ìgbà tí ìgbín fà dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí ìgbálẹ̀ Màmá kì í dé nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó da omi sínú òrùka rẹ̀, omi sì pòórá kí ó tó dà á tán. Koríko wà níbẹ̀. Ewé jíjẹrà wà níbẹ̀. Imí ekòló pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀gbo ọlọ́jà.

Fadérera dúró. Ó wo ẹ̀yìn balùwẹ̀, ó wo iwájú ilé, ó tún wo ipa ìgbálẹ̀. Gbogbo ipa náà, ibì kan náà ni wọ́n dorí kọ: ẹnu kòtò amumi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ààrin òkúta. Erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ ló bá níbẹ̀, ó ti dì, ó dí gbogbo ihò pátá. Kò sí àárọ̀ kan tí Màmá kì í gbá ilẹ̀ yìí, ọjọ́ òjò, ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Á gbá a títí ilẹ̀ á fi le, á sì wá gbá eruku rẹ̀ sínú kòtò.

Bámigbóyè náà ti rí i. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní wọ́n lè tún un ṣe, kò pẹ́ jù. Wọ́n á tú òkúta, wọ́n á ṣan án, wọ́n á fi ọkọ́ tú ojú ilẹ̀, wọ́n á sì da ewé lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mọ òfin. Ẹnì kan nínú ilé ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe náà fún agbọ́mi kí òjò tó kàn tó rọ̀, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é, àti ohun tó fà á, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Wọn kì í ka àtúnṣe tí a kò jẹ́wọ́.

"Ṣé dandan ni kí á dárúkọ?" ni Fadérera bi í.

"Ẹ̀bi tí kò lórúkọ, ẹnikẹ́ni kì í tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n." Ojú tì í bó ti ń sọ ọ́. "Ì bá ṣe tèmi nìkan ni, ǹ bá gbójú kúrò. Ṣùgbọ́n ojúde màmá mi lomi yín ń gbẹ̀yìn sí."

Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí, ẹ dákun, ẹ bá Fadérera wò ó. Ẹnu wo ni ìyàwó fi ń sọ fún ìyá ọkọ pé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ń ba ilé jẹ́? Màmá kò lè gúnyán mọ́. Kò lè rìn dé ọjà. Ìgbálẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi mọ̀ pé ilé ṣì ń lo òun. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ rekete, bí Fadérera bá ń sáré lọ wọ ọkọ̀ okùn tó ń gbé wọn lọ sí oko orí òrùlé láàárín ìlú, á máa gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn, ṣá, ṣá, ṣá, orin kékeré kan á sì máa tẹ̀ lé e. Ìró náà ló máa ń sìn ín dé ibùdókọ̀. Òun ni wọ́n wá ní kó sọ fún gbogbo Òkè-Ìtura pé ìró náà ló ń pa wọ́n.

Ó kọ́kọ́ dán ọgbọ́n wò. Ó kó gbogbo ìgbálẹ̀ ilé pamọ́ sórí àjà. Màmá wá wọn tì, ó jókòó, ó ya imọ̀ ọ̀pẹ, ó la ìgbálẹ̀ tuntun, ó ní èyí tilẹ̀ dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fadérera ní kí Màmá rọra máa sinmi. Màmá ní ìsinmi wà ní sàréè, ó pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní rí tirẹ̀ gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, agbọ́mi wúkọ́, ó ní òjò ń bọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òjò ńlá, kí kálukú sọ àmù rẹ̀ di òfìfo. Kíá, gbogbo àdúgbò ti yí sí ọṣẹ. Aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, ọmọdé ń pariwo nínú abọ́ ìwẹ̀. Fadérera kò lọ sí oko. Ó lọ sẹ́nu géètì, ó gbé ọwọ́ lé òpó, ó sì ṣe ohun tí ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀. Ó ní ojú tí yóò tì òun, ó dáa kó tì òun nìkan.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni agbọ́mi bi í.

"Ìgbálẹ̀ ló mú kí ilẹ̀ wa le. Eruku rẹ̀ ló sì dí kòtò."

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi Fadérera ni, ìyàwó Oyèlàmí."

"Kí ló fà á?"

"Àìmọ̀kan ni."

Agbọ́mi wúkọ́. Gbogbo agbọ́mi àdúgbò sì gbà á, láti géètì dé géètì, ohùn Bàbá Ògídíolú ń sọ ọ́ bọ̀ láti òkè títí dé etí Ìsàlẹ̀ pé Fadérera ìyàwó Oyèlàmí ni ó fi ìgbálẹ̀ dí ilẹ̀ lẹ́nu. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Kò rò ó pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Adúnbárìn tó wà ní òdìkejì títì, tó gbé aṣọ tútù dání, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Fadérera tó ń jáde kí àkùkọ tó kọ? Ìgbà wo ló ń gbálẹ̀, lójú àlá?" Ẹ̀rín sì gba ojúlé dé ojúlé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ ti Fadérera yìí kò tilẹ̀ rìn jìnnà géètì.

Nígbà tó yí padà, Màmá ló rí lórí àtẹ̀gùn, ìgbálẹ̀ tuntun náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ni Màmá pè é. Orúkọ tó fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni. "Ta ní ń gbálẹ̀ ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ta wá ni Bàbá Oníkọ́ ń dárúkọ káàkiri ìlú?"

Fadérera kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkan pamọ́: ìgbín irin, ẹ̀yìn balùwẹ̀, èlùbọ́ eruku nínú òkúta, iná agbọ́mi tó kù ẹyọ kan kó di pupa. Ó ní kí Màmá má bínú, òun ò fẹ́ kí orúkọ wọn di ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu géètì. Ẹkún sì gbà á lọ́wọ́ ọ̀rọ̀.

Màmá fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri, ó rọra rìn dé ìdí ìkòkò, ó bu omi sínú ife, ó lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Fadérera gbọ́ tó da omi náà sílẹ̀. Ó padà wá, ó bu ife mìíràn, ó dà á síwájú ilé, níbi tó ń gbá jù. Omi náà jókòó. Màmá dúró tì í, ó ń wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wojú ọmọ tó ṣe é ní ibi.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "Mo ń pa ilẹ̀ ọkọ mi lẹ́nu mọ́, mo ní mo ń tọ́jú ẹ̀."

Inú Fadérera bà jẹ́ débi pé, bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, á wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ò ní tán nílé. Màmá tún ìró aṣọ rẹ̀ ró ṣánṣán, ó lọ sẹ́nu géètì, ó fi ọwọ́ gbá òpó náà bí ẹni tó ń jí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú oorun. Ó mọ Bàbá Ògídíolú dáadáa nígbà ayé rẹ̀.

"Ògídíolú, gbẹ́nu sóhùn-ún kí n sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi purọ́ fún ọ. Èmi ìyá Oyèlàmí ni mo gbá ilẹ̀ yìí títí ó fi le."

"Kí ló fà á?" ni agbọ́mi bi í.

"O ń bi mí ní ohun tó fà á." Màmá mí kanlẹ̀. "Nígbà tí ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo gbọ́ táwọn kan ń sọ lẹ́nu géètì yìí pé ìyàwó tí kì í gbálẹ̀ kó tó jáde nílé, ọ̀bùn ni. Wọn ò mọ̀ pé òun ló ń bọ́ wa. Mi ò lè máa bá ẹnu ayé jà, mo ti dàgbà. Mo bá gbé ìgbálẹ̀. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láyé, kò sí ẹni tó máa kọjá níbí tó máa rí ewé kan tó máa fi pe ọmọ mi ní ọ̀bùn. Ohun tó fà á nìyẹn. Lọ sọ fún wọn."

Agbọ́mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó mú àti èyí tó yẹ kó fò. Ó wúkọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan "gbẹ́nu sóhùn-ún." Láti géètì dé géètì ni ó ń lọ, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn tó ń fọṣọ dáwọ́ dúró. Fadérera ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó wà, ó ń gbọ́ bí ohùn ọkùnrin tó ti kú ṣe ń gbé ìfẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ káàkiri orí òkè, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. Láràárọ̀ tó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ yẹn lẹ́yìn, ó rò pé Màmá ń ṣe é fún ilẹ̀ ni.

"Dìde," ni Màmá wí. "Òjò ń bọ̀. Níbo lo kó ọkọ́ sí? Àbí o ti gbé òun náà sórí àjà?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bámigbóyè gbọ́ ìkéde náà ní Ìsàlẹ̀, ó sáré gòkè wá, ó bọ́ ẹ̀wù, ó bá wọn kó òkúta kúrò nínú kòtò, Fadérera sì ń fi omi àmù ṣan án lọ́kọ̀ọ̀kan. Fadérera ló fi ọkọ́ tú ojú ilẹ̀ tó ń dán náà. Ó dà bíi pé ó ń ṣá ènìyàn lọ́gbẹ́, kò lè wo ojú Màmá. Màmá jókòó sórí àpótí, ó ní kí wọ́n tú igun ọ̀hún náà, wọ́n fo ibẹ̀.

Ewé ló kù, igi ìṣin kan ò sì lè pèsè tó. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá Adúnbárìn fi wọlé, ó ru agbọ̀n ewé gbígbẹ lórí. Kò lè wo Màmá lójú, nítorí ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ "ọ̀bùn" lẹ́nu géètì yẹn. Ó da ewé náà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó kí Fadérera, ó padà lọ bu òmíràn wá. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní òjò ló ń kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, ti ọjọ́ yìí kò tilẹ̀ tíì rọ̀ tó fi kó wọn pọ̀.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó dé. Ó dé tìbínútìbínú, ó ń gbá òrùlé lójú. Fadérera àti Màmá dúró lábẹ́ ìloro, Bámigbóyè wà lẹ́yìn wọn, ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń bẹ lórí géètì. Àmù kún, ó da àṣẹ́kù rẹ̀ sí àgbàlá. Omi ń yí láàárín ewé, ó ń wá ọ̀nà tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dé ìdajì. Ó dé ibi tí géètì kò jìnnà mọ́. Fadérera di ọwọ́ Màmá mú láì mọ̀.

Omi náà fà sẹ́yìn. Ilẹ̀ ń hó jẹ́jẹ́ lábẹ́ ewé, ó ń mu, ó ń mí, ó tún ń mu, kòtò sì ń gbé mì kùnrùn kùnrùn. Òjò rọ̀ títí, ó dá. Agbọ́mi wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan, iná orí rẹ̀ sì yí padà di àwọ̀ ewé. Bámigbóyè yí ojú sápá kan, ó ní eruku kó sí òun lójú, nínú òjò.

Ní ọjọ́ kejì, Fadérera ń sáré lọ sí ibùdókọ̀, etí rẹ̀ sì ń wá ìró tó máa ń sìn ín. Kò gbọ́ ọ. Ó bojú wẹ̀yìn. Màmá ti gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu géètì, ó jókòó, ó fi ìgbálẹ̀ tuntun náà lé itan. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ kí i, ó ní ṣé ilẹ̀ mu. Ojú obìnrin náà sì ṣèèṣì bọ́ sórí ewé tó kún àgbàlá.

"Ó mu," ni Màmá dá a lóhùn. "Ewé tí ò ń wò yẹn, ìyàwó mi ló tò ó. Wọlé, wá wò ó dáadáa."